Àpótí kékeré aláwọ̀ ọsàn tí a pè ní feke

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ kaná, kó kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó padà wá kà á.

Ẹ ó rí àpótí irin kékeré kan nínú àwòrán tí a fi síbí. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọ̀ ọsàn ló ní, kókó dúdú kan ṣoṣo tí wọ́n ń yí ló wà lórí rẹ̀, wọ́n sì kọ MXR sí i lára pẹ̀lú Phase 90. Ohun tí àwọn onígìtá máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ tí ohùn gìtá fi ń yí padà nìyẹn. Pẹ́dàlì ni wọ́n ń pè é. Ọmọ wa tó ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ akọrin ló rà á. Owó ìjọ ló fi rà á, àwa la sì fún un lówó náà. Àwa náà la tún dójú tì í nítorí rẹ̀.

“A” tí a ń sọ yìí, kì í ṣe pé a ń bu ọ̀wọ̀ fún ara wa o. Àwa méjèèjì ni, Pásítọ̀ yín àti Mọ́mì yín, torí pé a jọ jókòó dá ẹjọ́ náà ni.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ó tó ọdún mẹ́ta tí ọmọ yìí ti ń bẹ̀ wá pé ohùn gìtá òun gbẹ, pé bí dùùrù bá ti gbéra báyìí, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ òun mọ́. Lẹ́yìn ìkórè ọdún tó kọjá, a wá owó díẹ̀ fún un. Ó lọ bá ẹnì kan tó ń kó ohun èlò orin tòkúnbọ̀ wọlé, ó ra èyí. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tó fi í sídìí gìtá, nígbà ìjọsìn tó rọ̀ yẹn, Mọ́mì yín fi ìgbúnwọ́ gún wa, wọ́n ní kí ló ń dún bí afẹ́fẹ́ tó ń yí po nínú ilé yìí? Inú wọn dùn. Inú àwa náà dùn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni àlejò kan wá bá wa tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ó wo àpótí náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kọ́ńpìnnì tó ń ṣe MXR ti kógbá sílé láti 1984. Ó ní ojúlówó àtijọ́ kì í ní iná pupa kékeré lórí, kì í sì í ní ihò tí wọ́n ń ki wáyà iná sí, bátìrì nìkan ló ń lò. Èyí ní iná, ó sì ní ihò. Ó ní feke ni, wọ́n ti lù wá ní jìbìtì. Ó fi fóònù rẹ̀ hàn wá, 1984 wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ wa lanu, ó ní, “Dádì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé,” a ní kó dákẹ́, àlejò ń sọ̀rọ̀.

Ní ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, níwájú èèyàn bí ogójì, a sọ ọ́ pé àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń fi owó Ọlọ́run ra ayédèrú, kí wọ́n lọ wá owó náà padà. A kò dárúkọ. Ta ni kò mọ̀? Kó tó di alẹ́ ó ti wà lórí WhatsApp ẹgbẹ́ akọrin. Kó tó di Mọ́ńdè ó ti dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Kò bá wa jà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá owó náà padà, díẹ̀díẹ̀, bí owó oṣù ṣe ń wọlé. Lọ́jọ́ tó san èyí tó kẹ́yìn, ó gbé àpótí náà sórí tábìlì ọ́fíìsì wa, ó ní kí a bá òun fi pa mọ́. Ó ń ta gìtá lọ bí i ti tẹ́lẹ̀, ohùn gbígbẹ yẹn náà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. A mọ òwe yẹn dáadáa, a tilẹ̀ ti fi wàásù rí.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni míṣà wa bàjẹ́, a sì ránṣẹ́ pe bàbá kan tó ti ń tún rédíò àti áńpù ṣe láti ìgbà tí àwa ṣì wà nílé ìwé. Bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí wọn yóò gbé irinṣẹ́ wọn sí lórí tábìlì, wọ́n rí i. “Pásítọ̀, ta ló ni Phase 90 yìí?” A ní ẹ má dá a lóhùn, feke ni. Bàbá wò wá, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n mú tọnafíìsì, wọ́n tú ìdí rẹ̀, wọ́n ní kí a sún mọ́ òun.

Báyìí ni wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Ohùn gìtá á wọ inú àpótí, á pín sí méjì. Ọ̀kan á gba tààrà lọ. Ìkejì á gba ìpele mẹ́rin kọjá, ìpele kọ̀ọ̀kan á sì fà á sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá tún pàdé lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, ibi tí wọ́n ti bára mu, ohùn á ki; ibi tí wọ́n ti ń ta ko ara wọn, ohùn á pa rẹ́. Ibi méjì ló máa ń pa rẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ibi méjèèjì náà kì í sì í dúró sójú kan, wọ́n á máa lọ sókè, wọ́n á máa bọ̀ nísàlẹ̀. Kókó dúdú yẹn ló ń sọ bí wọn yóò ṣe yára tó. Òun ni afẹ́fẹ́ tí Mọ́mì yín gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú ìjọ tó ní dùùrù Hammond, ẹ rántí àpótí onígi ńlá tí wọ́n ń pè ní Leslie, tí fèrè inú rẹ̀ máa ń yí gan-an bí fáànù. Irú ohùn tó ń yí bẹ́ẹ̀ ni àwọn onígìtá ń fẹ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbé Leslie lọ sí òde eré?

Nínú ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú transistor kan ni. Bàbá ní bí wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n jáde, ìwà wọn kì í dọ́gba, àfi kí ẹni tó ń to pẹ́dàlì náà wọ̀n wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó ṣa mẹ́rin tó bára mu. Mọ́mì yín ní bí òun ṣe ń ṣa àwọn olóhùn alto nìyẹn. Bàbá wá gbé orí sókè, wọ́n ní, “Pásítọ̀, ẹni tó ṣe èyí mọ ohun tó ń ṣe. Kì í ṣe feke. Dunlop ló ṣe é.”

A ní ta ni Dunlop? Àwa rò pé táyà ni.

Alẹ́ ọjọ́ náà la bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ó tó alẹ́ mẹ́rin. Ohun tó yẹ kí a ti ṣe kí a tó la ẹnu ní ìpàdé òṣìṣẹ́ nìyẹn.

Ìlú Rochester ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, ìlú kan náà tí Kodak tó ń ṣe fíìmù fọ́tò ti wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Keith Barr àti Terry Sherwood, ọ̀rẹ́ láti ilé ìwé girama, ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún ohun èlò orin tó bàjẹ́ ṣe. Irú iṣẹ́ tí bàbá tó wà níwájú wa yẹn ń ṣe gan-an. Ibi tí wọ́n ti ń tú pẹ́dàlì àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ti rí i pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà kò dára, wọ́n ní àwa náà lè ṣe é, ká sì ṣe é jù báyìí lọ. Ní 1972 wọ́n dá MXR sílẹ̀. Phase 90 jáde ní 1974.

Kì í ṣe àwọn ló kọ́kọ́ ṣe irú ohùn bẹ́ẹ̀ o. Tom Oberheim ti ṣe ọ̀kan fún Maestro ní 1971, ṣùgbọ́n ẹrù ńlá ni, ó sì ní bọ́tìnnì mẹ́ta lórí. Ohun tí àwọn ọmọ Rochester ṣe ni pé wọ́n sọ ọ́ di ohun tí ń wọ àpò kóòtù, wọ́n fi kókó kan ṣoṣo sí i, wọ́n sì fi irin bò ó. Ẹni tí kò kàwé rárá lè lò ó. Ìgbà tó fi máa di 1978, tí Eddie Van Halen gbé àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, àpótí ọsàn yìí ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Orin ayé ni, àwa ò ní kí ẹ lọ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni òótọ́ ń jẹ́: láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ onígìtá ti ń wá àpótí ọsàn kiri.

Kí ló wá pa wọ́n? Àwọn ará Japan dé. Boss bẹ̀rẹ̀ sí í ta pẹ́dàlì kéékèèké tirẹ̀ ní 1977: iná wà lórí rẹ̀, ó ní ihò tí wọ́n ń ki wáyà iná sí, bí o bá sì tẹ̀ ẹ́ kì í ké gbọ̀ọ̀. MXR ṣì wà lórí bátìrì àti súwìṣì tó ń ké nígbà yẹn. Ní 1984 wọ́n kógbá sílé. Ibi tí àlejò wa kàwé dé nìyẹn. Kò yí ojú ìwé.

Ọdún 1987 ni ẹnì kan tó ń jẹ́ Jim Dunlop ra orúkọ MXR. Ọmọ Scotland tó ṣí lọ sí California ni, ó ti ní kọ́ńpìnnì tirẹ̀ láti 1965, ó ń ṣe ike tí wọ́n fi ń ta gìtá àti àwọn nǹkan kéékèèké tí onígìtá kì í ṣe aláìní. Ó gbé Phase 90 padà sójà, àwọ̀ ọsàn náà, kókó kan náà. Iná pupa àti ihò wáyà tí Phase 90 àkọ́kọ́ kò ní, wọ́n wà lára tirẹ̀. Ohun tí ti àkọ́kọ́ ṣàìní, òun náà ni wọ́n fi pe ti ọmọ wa ní feke. Òótọ́ ni 1984. Irọ́ ni feke. Àwọn méjèèjì wọ inú gbólóhùn kan, a sì gbé gbogbo rẹ̀ mì láìjẹ ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀, ibi tó dùn jù la dé yìí.

Àwọn kan ṣì wà káàkiri ayé tí wọ́n gbà pé èyí tí Dunlop ń ṣe kì í ṣe MXR. Owó gọbọi ni wọ́n ń kó lé ti àtijọ́, pàápàá èyí tí wọ́n kọ orúkọ sí lára bí ìgbà tí èèyàn fi gègé kọ lẹ́tà. Àwọn tó jáde lẹ́yìn náà, lẹ́tà ńlá gbàǹgbà ló wà lára wọn, ohùn wọn sì le díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. A bi Bàbá. Wọ́n fi ẹnu tọnafíìsì kan nǹkan kan bí ẹ̀hún ìrẹsì nínú àpótí náà. Resistor kan ṣoṣo. Owó rẹ̀ kò tó ra píọ̀-wọ́tà. Ó ń dá díẹ̀ nínú ohùn tó ti kọjá padà sẹ́yìn kó tún un gbà kọjá, òun ló fi ń le. Bí wọ́n bá gé e kúrò, ohùn á rọ̀ bí i ti 1974. Àwọn onígìtá kan máa ń gé e fúnra wọn.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe Dunlop ló fi resistor náà sí i. Àwọn ará Rochester fúnra wọn ni, nígbà tí kọ́ńpìnnì ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Olówó tuntun kàn bá a níbẹ̀ ni. Ẹni tó ń pariwo pé àjèjì ti ba ohùn bàbá òun jẹ́, bàbá rẹ̀ gan-an ló yí i padà. Dunlop wá ń ṣe méjèèjì báyìí: ó ní èyí tó tẹ̀ lé ti 1974, ó sì ní èyí tó fi orúkọ Van Halen ṣe, tó ní bọ́tìnnì kan tí o lè fi bọ́ sí ti àtijọ́ kí o tún fi padà.

Keith Barr ńkọ́? Kò bá orúkọ náà lọ. Ọdún 1984 yẹn náà ló dá Alesis sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gba ohùn sílẹ̀ ní sítúdíò láyé ADAT, tí wọ́n ń lo kásẹ́ẹ̀tì fídíò fún orin, ọwọ́ rẹ̀ ni. Alesis náà wọ gbèsè ní 2001, ẹlòmíràn rà á. Bàbá náà tún dìde, ó ṣe ohun kékeré kan tó ń jẹ́ FV-1, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ pẹ́dàlì tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kéékèèké ń ṣe dòní. Ó kú ní 2010. Nítorí náà orúkọ rẹ̀ wà ní ọ̀nà kan, ọwọ́ rẹ̀ wà ní ọ̀nà mìíràn. Èwo ni ojúlówó nínú méjèèjì? Alẹ́ kan odindi la fi jiyàn rẹ̀. Mọ́mì yín ní ọwọ́ ni. Àwa ní orúkọ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, torí bí kò bá sí ẹni tó ra orúkọ náà, ọmọ wa kò ní rí kankan rà ní Ìbàdàn.

Nígbà mìíràn, ọwọ́ àti orúkọ máa ń padà wá papọ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jeorge Tripps dá Way Huge sílẹ̀ ní 1992, ilé-iṣẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, pẹ́dàlì rẹ̀ kò pọ̀ rárá. Kí ọdún 2000 tó dé, ó ti tì í pa, ó lọ gbàṣẹ́ lọ́dọ̀ Line 6. Àwọn tó ti ra tirẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án mọ́. Nígbà tó yá ó dé ọ̀dọ̀ Dunlop, ní 2008 sì ni orúkọ Way Huge tún jáde lábẹ́ Dunlop, tòun ti ẹni tó bí i lọ́mọ. Irú èyí kò wọ́pọ̀.

Ó kù síbì kan tó ń jẹ wá lọ́kàn. Ẹ̀yin àgbà ìjọ mọ bí a ṣe dé ibí ní 2011. Bàbá tó dá ìjọ yìí sílẹ̀ ti sùn nínú Olúwa, ilẹ̀kùn sì ti wà ní títì fún oṣù mẹ́jọ. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, èèyàn mọ́kànlá la rí. Ìyá àgbà kan jókòó síta lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n kọ̀ wọn ò wọlé. Wọ́n ní ìjọ àwọn ti bá Bàbá lọ, pé èyí tí àwọn wọ̀nyí gbé dé, wọ́n kàn fi orúkọ bò ó ni. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó síbẹ̀. A ò lè sùn nígbà yẹn. Bí a bá yí orin padà, wọ́n á ní a ti ba ìjọ Bàbá jẹ́; bí a bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n á ní a ò ní ìran tiwa. Agogo irin tí Bàbá máa ń lù fúnra wọn ní aago márùn-ún ìdájí la tún so, a ń lù ú. Ọjọ́ kan ìyá náà dìde lábẹ́ igi, wọ́n wọlé. Wọn ò sọ ìdí rẹ̀ fún wa títí wọ́n fi re ibi àgbà ń rè.

Ohun tí wọ́n sọ sí wa lábẹ́ igi máńgòrò, òun náà la sọ sí ọmọ ọlọ́mọ níwájú ogójì èèyàn. A ò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ni. Mọ́mì yín ló sọ ọ́ ní nǹkan bí aago méjì òru, tí iná ti lọ, tí àwa méjèèjì kàn jókòó nínú òkùnkùn.

A ránṣẹ́ pè é wá sílé. A dọ̀bálẹ̀? Rárá, kò ní gbà, ìdààmú la ó dá sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n a sọ ọ́ gbangba pé a ṣẹ̀ ẹ́, a sì gbé owó rẹ̀ sílẹ̀ lódindi, a kò dá a sí mẹ́ta. Ó wo owó náà. Ó ní, “Dádì, Mọ́mì, ẹ ṣeun. Èmi ti mọ̀ pé Dunlop ni látọjọ́ tí mo ti rà á, ó wà lára páálí. Owó kọ́ ló dùn mí. Ibi tí ẹ ti sọ ọ́, níbẹ̀ ni kí ẹ ti bá mi tún un sọ.”

Sátidé tó kọjá a tún un sọ, ní ìpàdé òṣìṣẹ́, a sì dárúkọ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọ wa, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìdí tí a fi kọ èyí nìyẹn. Ẹ̀yin ará wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ bá wa gbé fóònù yín fún wọn kí wọ́n kà á. Ọmọ wọn kò jí owó Ọlọ́run. Ojúlówó ló rà. A ń bọ̀ wá kí wọn fúnra wa kí oṣù yìí tó parí.

Bàbá tó ń tún míṣà ṣe ní bí ọmọ wa bá fẹ́, àwọn lè gé resistor yẹn fún un lọ́fẹ̀ẹ́, kó lè dún bí i ti àtijọ́. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, bó ṣe wà yìí ni etí òun ti mọ̀ ọ́n. Àná ló tún fi í sídìí gìtá. Kò dún! Bátìrì ti kú láti ìgbà tó ti wà lórí tábìlì wa. Ọmọ kékeré kan sáré jáde lọ ra òmíràn, gbogbo ìjọ sì dúró dè é pẹ̀lú àtẹ́wọ́.

Ní alẹ́ àná náà ló fi àwòrán pẹ́dàlì Way Huge kan ránṣẹ́ sí wa, ó ní òun kàn ń fi hàn wá ni o, òun ò béèrè nǹkan kan. Orúkọ rẹ̀ ni Pork Loin. Mọ́mì yín ní kí ìkórè kọ́kọ́ dé ná, àti pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kankan kò ní gun orí pẹpẹ yìí kí òun tó mọ ẹni tó sè é.